Tìróò Ìyá Àgbà àti Olófòófó Mi

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ kan sínú tí n kò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí ìyá mi. Mo mọ̀ dájú pé ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi dákẹ́, ọmọ oṣù mẹ́fà kan ni yóò jìyà rẹ̀. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni ọmọ náà. Ilé ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, èmi sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Bí mo bá wọ ọkọ̀ láàárọ̀, mo lè jẹun ọ̀sán ní Ọ̀yọ́ kí n sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn, ẹ̀rù ló bà mí, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀.

Ìyá àgbà ló tọ́ èmi àti àbúrò mi dàgbà. Tìróò lílọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Òkúta dúdú tó ń dán ni wọ́n máa ń kó wá fún un. Òun á gún un, á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná ju èlùbọ́ lọ, á wá rọ ọ́ sínú àwọn àpò awọ kéékèèké. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí agboolé wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lé tìróò sí i lójú. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ojoojúmọ́, bí wọ́n bá ti wẹ ọmọ tán. Ó ní tìróò ń fọ ojú mọ́, ó sì ń jẹ́ kí ojú ọmọ là gbòò. Èmi náà kì í jáde láìlé e. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe ìyàwó tuntun. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ tọ́jú ojú tiwọn.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ló tú àṣírí náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nínú ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ohun kan wà tí à ń pè ní RNA. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó kàwé mọ̀ ọ́n sí ìránṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ kiri inú ara. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n kọjá ìránṣẹ́. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ fúnra wọn, kódà wọ́n lè gé ara wọn sí méjì. Èyí tí mò ń tún rọ kì í dédé gé ara rẹ̀, àfi bí òjé bá kàn án. Òjé tí mo wí yìí ni irin rírọ̀ tó wúwo, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Bí ó bá wọ ara ọmọdé, kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ba ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ jẹ́, tí àwọn àgbà yóò sì máa na ọmọ náà pé olódo ni, pé kò fẹ́ kàwé.

A so nǹkan tó ń tàn mọ́ ìdí RNA yìí, a sì so nǹkan tó ń bo ìmọ́lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì bá ṣì wà pa pọ̀, òkùnkùn ni. Bí òjé bá dé, RNA á gé ara rẹ̀, ohun tó ń bo ìmọ́lẹ̀ á ṣí lọ, omi inú túùbù á sì tàn yòò bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù sí i. Olófòófó ni mo sọ ọ́. Ohun tí mò ń fẹ́ ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní kànga lè mọ ohun tó wà nínú omi rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbé e lọ sí ìlú ńlá.

Kí ó tó di olófòófó tó ṣeé gbọ́kàn lé, ojú mi rí nǹkan. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òjé àti síǹkì. Mo gbé omi òjò wá láti Ìrẹsà, ó tàn. Mo gbé ti Ìkòyí-Ilé wá, ó tàn. Mo gbe omi tó ṣàn wálẹ̀ láti orí òrùlé ilé tí mò ń gbé nítòsí Ọjà Igbó, ó tàn bí iná ọdún. Inú mi ti ń dùn pé mo ti ṣàwárí ohun ńlá. Ọ̀gá mi kàn wò mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pẹ́ lẹ́yìn, tó sì mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín bá ènìyàn wí.

"Nínú gbogbo ilé tó o ti gbe omi wọ̀nyí," ó ní, "páànù èwo ni wọn ò fi síǹkì ra lára?"

Ojú tì mí. Mo padà sídìí iṣẹ́. Létà mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń kọ RNA. Mo ń pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń tún kọ́kọ́rọ́ rọ, kí ó lè ṣí àgádágodo kan ṣoṣo kí ó má ṣí òmíràn. Ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí olófòófó mi tó gbójú kúrò lára síǹkì, kí ó sì máa wá òjé nìkan. Ọjọ́ tí omi òjò Ìrẹsà ṣókùnkùn nínú túùbù, mo jó nínú láàbù.

Ijó yẹn kò tọ́jọ́. Nínú gbogbo àyẹ̀wò wa, túùbù kan wà tí a kì í fi nǹkan kan sí ju omi tí a ti fọ̀ mọ́ tónítóní lọ. Kóńtíróòlù là ń pè é. Kí ó ṣókùnkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí òun bá tàn, gbogbo ohun tí àwọn túùbù yòókù bá sọ ti di irọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, kóńtíróòlù mi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

"Kóńtíróòlù ẹ tún ti tàn," ọ̀gá mi wí. "Ọwọ́ ẹ ni. O ò fọwọ́ dáadáa."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ọgbọ́n dání. Ohun kan wà nínú òógùn ọwọ́ gbogbo wa tó ń jẹ RNA bí ikán ṣe ń jẹ ìwé. Bí ó bá jẹ ẹ́ já, túùbù á tàn bí ẹni pé òjé wà níbẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́, ma."

"Lọ tún un fọ̀."

Mo fọ ọwọ́ títí awọ rẹ̀ fi ń là. Mo pààrọ̀ omi, mo pààrọ̀ túùbù, mo ra ìbọ̀wọ́ mìíràn. Ó ń tàn síbẹ̀. Ara mi gbóná. Mo kórìíra kí wọ́n pe èmi, ọmọ tí ìyá àgbà mi tọ́, ní ọ̀bùn. Ìbínú yẹn ló mú kí n ṣe ìbejì fún olófòófó náà. Mo yí létà kan padà lójú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, kí òjé má lè mú un gé mọ́ láéláé. Bí ọ̀ràn náà bá jẹ́ ti òógùn ọwọ́, ìbejì náà yóò tàn, nítorí ikán kò mọ ìwé tó ṣe pàtàkì yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe pàtàkì. Mo kó méjèèjì sínú omi mímọ́. Olófòófó tàn. Ìbejì rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi, n kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Ó wò ó pẹ́.

"Má bínú," ó ní. "Kì í ṣe ọwọ́ ẹ. Òjé ni lóòótọ́. Ibo ló ti ń wá?"

A wá a tì. Bóyá à bá ṣì máa wá a títí dòní bí kì í bá ṣe pé àpólò mú mi. Ojú mi méjèèjì pọ́n bí ata, wọ́n ń ṣe ipin, mo sì ń wọ dígí dúdú kiri láàbù bí olórin. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò fi lé tìróò. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko náà ni kóńtíróòlù mi fi ṣókùnkùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo rò pé ìbọ̀wọ́ tuntun ló ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé tí ojú mi yá, mo lé tìróò mi, mo lọ síbi iṣẹ́. Kóńtíróòlù tàn.

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo dé láàbù. Mo fọ ọwọ́ dáadáa. Dígí kan wà lókè ibi tí a ti ń fọwọ́. Mo wo dígí, mo rí i pé ọyẹ́ ti mú omi jáde lójú mi, tìróò sì ti ràn. Mo yọ àpò awọ náà jáde, mo tún ojú ṣe, mo fi ìka nu igi tí a fi ń lé e. Lẹ́yìn náà ni mo wọ ìbọ̀wọ́. Kóńtíróòlù sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, òun ló ń gba gbogbo ohun tó bá wà lára ìbọ̀wọ́ mi. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà. Tèmi tiẹ̀ burú jù, àpò kóòtù láàbù ló wà. Kò sì sí bí mo ṣe lè fura sí i, nítorí pé nílé wa, tìróò kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìmọ́tótó ni. Ẹni tó bá ti fọwọ́ tó sì ti lé tìróò, ó ti mọ́ tán.

Mo bu tìróò náà bí ẹyọ iyọ̀ kan ṣoṣo, mo fi sínú túùbù, mo kán ásíìdì díẹ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe kí òjé tó bá sá pamọ́ lè jáde, mo sì fi olófòófó sí i. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ju ti gbogbo omi tí mo ti yẹ̀ wò láti ọdún tí mo ti ń ṣe é. Kì í ṣe iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ rántí. Ọmọ àbúrò mi ni.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò pè lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ta ni mo fẹ́ pè? Bí mo bá sọ fún àbúrò mi, ṣé òun ló máa gba igi tìróò lọ́wọ́ ìyá àgbà? Bí mo bá sì sọ fún ìyá àgbà fúnra rẹ̀ lórí fóònù, ojú lọ̀rọ̀ wà, yóò kàn rò pé ìwé ti yí mi lórí. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò yàtọ̀ sí pé, Ìyá, ọwọ́ tí ẹ fi tọ́ wa náà lẹ fi ń bu májèlé sí wa lára. Olófòófó ò gbẹ́gbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ, ọpẹ́ pàápàá kò sì dá mi lójú. Ní Ọjọ́rú, àbúrò mi fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ẹ́ ni, ó ń rẹ́rìn-ín, eteetí ojú rẹ̀ dúdú minimini. Mo da fóònù dé orí tábìlì, mo sunkún.

Ọ̀gá mi bá mi níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Olófòófó lo fi odindi ọdún ṣe," ó ní. "Ó ti wá sọ̀rọ̀ báyìí, ìwọ lo wá ń dákẹ́? Gbé kúlà. Kó túùbù sínú áìsì. Mi ò fẹ́ rí ẹ níbí lọ́la."

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo dé Ọ̀yọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ìyá àgbà jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Ìyá."

"Káàbọ̀ o. Ọjọ́ iṣẹ́ lo dé yìí? Ṣé kò sí o?"

Mo kúnlẹ̀, n kò sì dìde kí n tó sọ ọ́. Mo sọ ti olófòófó mi àti ti kóńtíróòlù, mo sọ ti àpólò, mo sọ ti òjé tó wà nínú òkúta tìróò. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá àgbà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó gbé ọmọ náà lé èjìká.

"Gbogbo yín ni mo lé e fún," ó ní. "Ìyá ẹ, ìwọ, àbúrò ẹ yìí. Àwọn àfáà pàápàá ń lé e. Ojú ta ló fọ́? Ìwọ tó ń kàwé l'Ógbómọ̀ṣọ́, ojú wo lo fi ń kà á?"

"Kì í fọ́ ojú, Ìyá. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bàjẹ́, àti ọpọlọ."

"Ọpọlọ tìẹ ńkọ́?"

N kò mọ irú ọpọlọ tí ǹ bá ní ká ní wọn kò lé e fún mi. Àbúrò mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ìyá àgbà ní. "Gbé olófòófó ẹ wá, ká gbọ́ tẹnu ẹ̀."

Mo ṣe é lójú rẹ̀. Òòrùn mọ́lẹ̀ jù, nítorí náà a da ìborùn rẹ̀ bo orí àwa méjèèjì, mo sì tan tọ́ọ̀ṣì. Túùbù tìróò tàn yòò. Mo rí ìmọ́lẹ̀ náà lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo fi nǹkan sí i," ó ní nínú ìborùn. "Olófòófó ẹ mọ ohun tó o fẹ́ gbọ́. Kó túùbù márùn-ún fún mi."

Ó kó wọn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, dúdú-dúdú ló wà nínú gbogbo wọn. Ó ní èédú wà níbẹ̀, dúdú ìdí ìkòkò wà níbẹ̀, ilẹ̀ dúdú inú ọgbà náà wà níbẹ̀, ó sì ti fi tìróò sínú ẹyọ kan. Kí olófòófó mi wá sọ èyí tó jẹ́ tìróò.

Mo kán ásíìdì sí wọn, mo fi olófòófó sí wọn, a sì dúró. Ọmọ náà ti sùn. A tún padà sábẹ́ ìborùn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Túùbù méjì ló tàn. Méjì! Mo rò ó títí: ṣé ìbọ̀wọ́ mi ni, àbí òjé wà nínú ilẹ̀ ọgbà? Ọdún iṣẹ́ mi ń dàrú lójú mi, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí mo ní fún ọmọ náà sì ń dàrú lọ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ìyá, méjì ló tàn," mo wí. N kò lè sọ ohun tí n kò rí.

"Ìkejì àti ìkẹrin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Méjì ni mo fi sí. Irọ́ ni mo pa pé ẹyọ kan ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu mi ni wàá tẹ̀ lé, àbí ohun tó o rí."

Ẹni tí kò wọ láàbù rí láyé rẹ̀ ni o. Àwọn kan ń gba oyè níbẹ̀ tí wọn kò mọ èyí ṣe. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ti dìde. Ó ní kí àbúrò mi gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ó rẹ òwú sínú rẹ̀, ó sì fi nu ojú ọmọ náà jẹ́jẹ́, láìjí i, títí dúdú náà fi kúrò pátápátá.

Ilé ìwòsàn gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Àwọn ọjọ́ tí a fi dúró de èsì ni mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àìsùn. Òjé wà níbẹ̀. Dókítà ní kò tíì tó èyí tí wọ́n ń fi oògùn lé jáde. Kí a mú ohun tó ń fà á kúrò, kí a máa fún ọmọ náà ní ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́, kí a sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ìyá àgbà gbọ́, ó mi orí. Láti ọjọ́ yẹn ni ọlọ rẹ̀ ti dúró. Láàárín oṣù mẹ́ta náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń gún edé sínú ògì ọmọ náà, bí ọmọ náà kò bá sì jẹ ẹ́ tán, kò sí ẹni tó máa sinmi nínú ilé.

Gbogbo wa la tẹ̀ lé ọmọ náà lọ gba èsì kejì. Òjé náà ti wálẹ̀ gan-an, dókítà sì ní bó bá ń lọ báyìí, ọmọ náà yóò dàgbà dáadáa. Àbúrò mi bú sẹ́kún. Mo sọ "Alihamudulilai" léraléra, inú mi dùn débi pé n kò mọ ìgbà tí ìyá àgbà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ó ti jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

"Kí wọ́n gba tèmi náà," ó ní.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Kò sí ẹni tó dá yín lẹ́bi."

"Mo mọ̀. Obìnrin méje ló kọ́ tìróò lílọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣì ń tà á. Bí o bá lọ bá wọn, wọ́n á ní ìwé ló ń kà. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n kọ iye tó wà lára mi sórí bébà, kí n mú un dání lọ bá wọn."

Nọ́ọ̀sì wo èmi, ó wo dókítà, kò mọ ẹni tó yẹ kó bi léèrè. Ìyá àgbà ti ká apá bùbá rẹ̀ sókè dé ìgbọ̀nwọ́.